Òfin Tí Mo Kọ fún Yàrá Ẹ̀yìn

Ọjọ́ Àìkú, 1 Oṣù Kẹsàn-án, 2024

Olùkọ́ wa ní kíláàsì àgbà ní kí oníkálukú máa kọ ohun tí ojú rẹ̀ bá rí. Ó ní kí èmi Zipporah má fi òwe kún tèmi, pé ẹ̀yìn òwe ni mo máa ń sá pamọ́ sí. Ó dára. N kò ní pa ẹyọ kan.

Ohun tí ojú mi rí lónìí: Fẹ̀sọ̀jayé fi mí ṣe olórí ẹ̀ṣọ́.

Ọmọ ọmọ mi ni. Ọkọ mi ni mo máa ń pè é. Ìgbà tó já lẹ́nu ọmú ni ìyá rẹ̀ gbé e wá fún mi, èmi ni mo tọ́ ọ dàgbà. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe fún ìjọba ní Àkúrẹ́, òpin ọ̀sẹ̀ ló ń wá sílé. Òun ló gbé abọ́ sátẹ́láìtì sórí òrùlé wa ní ọdún tó kọjá, tí gbogbo ilé fi ń rí íńtánẹ́ẹ̀tì lò, àwa àti ayálégbé. Àwọn olè gba ibẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n fi fóònù ayálégbé kan tan àwọn ẹbí rẹ̀ jẹ. Ni ọkọ mi bá fi nǹkan kan sínú kọ̀ǹpútà kékeré tó wà ní pálọ̀ mi. Ó ní orúkọ gígùn ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀ṣọ́ ni mo ń pè é.

Gbogbo ohun tó bá fẹ́ gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì wa wọlé, Ẹ̀ṣọ́ ń yẹ̀ ẹ́ wò. Òfin ló fi ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá rí ohun tí kò mọ̀ rí, ó ń bi mí léèrè, èmi yóò sì mú ọ̀kan nínú mẹ́ta: WÒ Ó. JẸ́ KÓ KỌJÁ. DÁ A DÚRÓ. Yorùbá ni ọkọ mi fi kọ ọ́ síbẹ̀, nítorí tèmi.

Ó kìlọ̀ fún mi. Ó ní, "Màmá, ẹ má kánjú tẹ DÁ A DÚRÓ. Ẹ kọ́kọ́ wò ó fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ lè mọ ẹni tí òfin yẹn máa pa lára. Tí ẹ bá mọ ẹni tó ni nǹkan náà, ẹ jẹ́ kó kọjá."

Mo ní mo ti gbọ́. Èmi tí n kò mọ A yàtọ̀ sí B títí irun mi fi funfun. Èmi náà ni wọ́n fi ṣọ́nà ilé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 Oṣù Kẹsàn-án

Mo fẹ́ kọ nípa Adití lónìí.

Lábísí ni orúkọ rẹ̀. Ìyàwó kékeré tí ọkọ mi olóògbé fẹ́ lé mi. Ìmèrí ló ti mú un wá, pẹ̀lú iṣu àti ẹnu. Yàrá ẹ̀yìn ló ń gbé. Àìsàn kan di í létí pátá. Ẹnu wa ló ń wò tó fi ń mọ ohun tí a ń sọ. Òun fúnra rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà ní òdìkejì odò. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ kíláàsì, mo ní kó wá. Ó fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní òun kò lè gbé báágì kọ́ ẹ̀yìn bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Nítorí náà, kò mọ̀wé. Bẹ́ẹ̀ ló fẹ́.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Adétutù, ó wà ní Kánádà. Òun ló ra tábúlẹ́ẹ̀tì fún un. Ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo, Adití yóò gbé àpótí ìjókòó síwájú rẹ̀, ojú ọmọ yóò yọ, wọn yóò máa fi ẹnu àti ọwọ́ bára wọn sọ̀rọ̀. Fóònù lásán kò wúlò fún adití.

Ó wọlé tọ̀ mí wá lónìí pẹ̀lú ẹ̀rín. Adétutù máa bímọ ní oṣù tó ń bọ̀. Ó fẹ́ kí ìyá òun wá wẹ ọmọ náà. Wọ́n ti kọ ìwé ìrìnnà sílẹ̀, ọjọ́ tí yóò lọ fojú kan àwọn ẹ́ḿbásì ní Èkó ló kù, Adétutù yóò sọ ọjọ́ náà fún un nínú tábúlẹ́ẹ̀tì.

Ó ti ra gbogbo rẹ̀. Ọṣẹ dúdú, òrí, àdín, kànrìnkàn tuntun tó rọ̀ bí irun ọmọ. Ó tẹ́ wọn sórí tábìlì mi, lórí ìwé mi.

"Ìyáálé mi, báágì ilé ìwé yín yẹn, ṣé ẹ lè yá mi? Ó máa gba ọṣẹ mi dáadáa."

Gbogbo ilé gbọ́. Tíṣà Jamaldeen tó gba yàrá lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ rẹ́rìn-ín níta.

Ọmọbìnrin mi tó wà ní Àbújá ti bímọ lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló pè. Ó ní n kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn nọ́ọ̀sì á dà mí láàmú. N kò tí ì fi ọwọ́ ara mi wẹ ọmọ ọmọ kan tí ìwọ́ ìdodo rẹ̀ kò tí ì já.

Ọjọ́rú, 4 Oṣù Kẹsàn-án

Adití kọrin láti àárọ̀. Kò mọ̀ pé ohùn òun ti fọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 6 Oṣù Kẹsàn-án

Ẹ̀ṣọ́ bi mí léèrè lónìí.

Ohun tó kọ: Fídíò láti ọ̀nà àjèjì, òkè òkun. Ó ń lọ sí Yàrá Ẹ̀yìn.

Mo mọ̀ ọ́n. Adétutù ṣẹ̀ṣẹ̀ kó lọ sí ilé mìíràn, ìyá rẹ̀ ti pariwo ìyẹn fún wa. Ọ̀nà tuntun ni ọmọ náà gbà wá, Ẹ̀ṣọ́ kò dá a mọ̀.

Mo ka ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo kà wọ́n geere, n kò fi ìka tọ ọ̀kankan. Mo tẹ DÁ A DÚRÓ.

Ó ní kí ni ìdí. Mo kọ ọ́: Àjèjì. Ó ní títí di ìgbà wo. Ọdún Igogo ni ìlú ń ṣe báyìí, gbogbo wa la kò wé gèlè, ṣùgbọ́n òfin Igogo ní ọjọ́ tí yóò tán. Mo fi àyè yẹn sílẹ̀ lófìfo.

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, Adití jókòó síwájú tábúlẹ́ẹ̀tì. Nǹkan ń yí po, ń yí po lójú rẹ̀. Ó fi etí ìró nù ún. Ó gbọ̀n ọ́n. Ó gbé e sókè sí ọ̀run bí ẹni ń wá iná. Mo ń jẹ iṣu lójú fèrèsé. Iṣu náà dùn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7 Oṣù Kẹsàn-án

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe àṣìṣe ńlá.

Tíṣà Jamaldeen wá kan ilẹ̀kùn láàárọ̀. Ọmọ Ìkàrẹ́ ni, ìyàwó rẹ̀ ṣì wà lọ́hùn-ún. Ó dọ̀bálẹ̀ tán, ó ní, "Màmá, ṣé mo ṣẹ̀ yín ni? Láti àná, mi ò rí ojú ìyàwó mi mọ́. Tí ẹ bá ti lé mi, ẹ jẹ́ kí n mọ̀."

Òfin mi ti mú gbogbo fídíò yàrá ẹ̀yìn, ti òkè òkun àti ti ìtòsí, ti Adití àti tirẹ̀. N kò rò ó débẹ̀.

Ọkọ mi kò wá ní ọ̀sẹ̀ yìí, iṣẹ́ pọ̀. Mo pè é. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Òfin yín gbòòrò jù, Màmá. Bí ẹ bá fẹ́ mú olè kan, ẹ má ti gbogbo àdúgbò mọ́lé. Ẹ wá fóònù Tíṣà níbẹ̀, ẹ yọ ọ́ sílẹ̀." Ó fi sùúrù tọ́ mi sọ́nà lórí fóònù. Ìgbà tó parí, mo ti mọ bí a ṣe ń dín òfin kù títí yóò fi bá ẹnì kan ṣoṣo.

Ó ní mo yára kọ́ ju àwọn ọmọ tó wà lábẹ́ òun ní ọ́fíìsì lọ.

Tíṣà rí ìyàwó rẹ̀. Ó mú ọsàn wá fún mi. Adití pè é kó wo tábúlẹ́ẹ̀tì òun. Ó wò ó, ó la ẹnu gbàgà kí ó lè rí i, ó ní, "Kò sóhun tó ṣe é o, Ìyá. Íńtánẹ́ẹ̀tì wà. Àfi bó bá jẹ́ láti ọ̀dọ̀ wọn lọ́hùn-ún."

Láti ọ̀dọ̀ wọn lọ́hùn-ún. Mo rí i tí ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10 Oṣù Kẹsàn-án

Adití kúnlẹ̀. Kí ó tó dé ibi ìkúnlẹ̀, ó ti gbìyànjú ẹ̀fẹ̀ díẹ̀. Ó ní, "Ìyáálé mi, ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, ẹ bá mi pe ọmọ yín yẹn. Ẹ bi í bóyá ó ti sọ ojú ẹ̀ nù ni." Ìgbà tí n kò rẹ́rìn-ín ló wá kúnlẹ̀.

Mo pe Adétutù níwájú rẹ̀. Mo jókòó bí ẹni tí eyín ń dùn, mo fi ọwọ́ bo ẹnu.

Adétutù kò jẹ́ kí n kí i tán. "Màmá àgbà, kí ló ṣe màmá mi? Mo ń pè, mo ń pè. Ọjọ́ ti jáde o, ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù yìí, ní Èkó. Ẹ bá mi sọ fún wọn."

Mo sọ fún un pé ìyá rẹ̀ ti pa tábúlẹ́ẹ̀tì náà fúnra rẹ̀. Pé ó ní òun kò lọ sí ìlú òtútù kankan. Pé ó ní ẹni tó lè fẹ́ ọkọ láìjẹ́ kí òun fojú kàn án, kí ó wẹ ọmọ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ìyẹn, ó máa ń kùn nípa ọkọ náà. Mo mọ ibi tí yóò ti dùn ún.

Ó ní òun yóò pe Fẹ̀sọ̀jayé. Mo ní kó má dà á láàmú, pé àgbà ni yóò yanjú rẹ̀.

Mo gbé ọwọ́ kúrò lẹ́nu. Adití ń wò mí. Mo ní: "Ọwọ́ rẹ̀ dí. Ó ní òun á pè ọ́."

Ó ní, "Ọwọ́ ẹ̀ ló dí. Ṣé ojú ẹ̀ náà ń ṣiṣẹ́ ni?"

Ó dìde. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 13 Oṣù Kẹsàn-án

Orí Adití wà lásán nítorí Igogo. Irun rẹ̀ ti funfun ju tèmi lọ. N kò mọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 15 Oṣù Kẹsàn-án

Ọkọ mi wà nílé. Lẹ́yìn ìsìn, ó jókòó sídìí Ẹ̀ṣọ́, ó ń yẹ àwọn òfin wò. Àyà mi kò já. Ó dé orí tèmi.

"Màmá, àjèjì wo nìyí?"

Mo ní ọkùnrin kan ni, láti òkè òkun, ó ń fi fídíò wá àwọn obìnrin tí ọkọ wọn ti kú. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ dá a dúró o. Àwọn yẹn ló máa ń tan àwọn màmá jẹ." Ó tún òfin náà so dáadáa fún mi, kí ó má baà gba ọ̀nà mìíràn wọlé. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi so ó.

Ó lọ kí Adití ní ẹ̀yìn. Mo tẹ̀lé e. Bí Adití bá sọ fún un pé òun kò rí ọmọ òun mọ́, ó tán. Ọkọ mi bi í pé Adétutù ńkọ́.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ó wà dáadáa. A jọ sọ̀rọ̀ lánàá. Ó ń kí ẹ, ó ní o ti sanra nínú fọ́tò."

Ìtìjú kò jẹ́ kó lè sọ ọ́. Irọ́ náà dán mọ́rán, kò mì rárá. Fún ìṣẹ́jú kan, mo fẹ́ràn rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 19 Oṣù Kẹsàn-án

Kíláàsì. Olùkọ́ ní kí n kàwé síta. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24 Oṣù Kẹsàn-án

Òní ni ọjọ́ tí wọ́n ń retí Adití ní Èkó. Èmi nìkan ni mo mọ̀ nínú ilé yìí.

Ó jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, ó ń ṣa ẹ̀wà. Mo gbé ìjókòó lọ bá a. A jọ ṣa á. Ó yà á lẹ́nu, ó ní ṣé mi ò ní iṣẹ́ ilé ìwé ni. Mo ní mo fẹ́ kí ara mi gba atẹ́gùn.

Nígbà tí oòrùn wà ní àárín ọ̀run, mo ronú pé wọn yóò ti pe orúkọ rẹ̀ báyìí. Ó ń sọ fún mi nípa oko bàbá rẹ̀ ní Ìmèrí, bí ọ̀bọ ṣe máa ń jí àgbàdo. Mo yọ òkúta kékeré kan kúrò nínú ẹ̀wà, mo fi hàn án. Ó ní ojú mi ṣì dára.

Ó pẹ́ tí a ti jókòó pọ̀ bẹ́ẹ̀. A kò jà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 28 Oṣù Kẹsàn-án

Adétutù pè mí, ó sunkún. Wọ́n ní ìyá rẹ̀ kò fojú kàn wọ́n ní Èkó. Mo ní mo bẹ̀ ẹ́, mo fi orúkọ Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ẹ ṣé, Màmá àgbà. Mo mọ̀ pé ẹ gbìyànjú."

Ọjọ́bọ̀, 3 Oṣù Kẹwàá

Adétutù ti bímọ. Obìnrin. Èmi ló kọ́kọ́ pè nílé. Èmi ni mo kọ́kọ́ gbọ́ igbe ọmọ náà nínú fóònù.

Mo lọ sí ẹ̀yìn pé bóyá n ó sọ ọ́. Adití ń fọ ìkòkò. Kànrìnkàn ọmọ yẹn ló fi ń fọ̀ ọ́, tuntun yẹn, ó ti dúdú fún èédú. Ó rí mi tí mo ń wò ó.

"Kí ni mo fẹ́ fi ṣe?" ó ní. "Ó rọ̀ jù fún ìkòkò, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́."

Mo padà wọlé. N kò sọ ọ́.

Ọjọ́rú, 9 Oṣù Kẹwàá

Ọ̀la ni ìsọmọlórúkọ. Adétutù ní kí n bá òun bi màmá òun, bí kò bá tilẹ̀ fẹ́ rí òun, kí ó fún ọmọ ní orúkọ kan. Ẹyọ kan. Òun yóò dúró lórí fóònù.

Mo rìn lọ, mo rìn bọ̀ ní pálọ̀. N kò dé ẹ̀yìn. Mo gbé fóònù sétí, mo ní ìyá rẹ ní òun kò ní orúkọ kankan láti fún un.

Mo gbọ́ tó ń mí.

Mo wá ní èmi ní ọ̀kan. Ọlámipọ̀sí. Orúkọ tí bàbá mi sọ mí nìyẹn, kí wọ́n tó fún mi ní Zipporah nígbà ìrìbọmi. Kò sí ẹni tó ń pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́, gbogbo ẹni tó ń pè é ti kú.

Ó ní orúkọ náà dára. Ó ní, "Ẹ̀yin nìkan ni mo ní nílé, Màmá àgbà."

Ọmọ kan ń jẹ́ orúkọ mi ní Kánádà. Ọmọ ọmọ Adití.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12 Oṣù Kẹwàá

Mo yọ òfin náà kúrò ní òwúrọ̀ yìí. Ọkọ mi ń bọ̀ lọ́la. Lẹ́yìn èyí, kò sí ohun tó kù tí mo fẹ́ dá dúró. Adití kò lọ sí Kánádà mọ́. Ọmọ ti ní orúkọ. Kí wọ́n rí ojú ara wọn, kí wọ́n jà, kí wọ́n yanjú rẹ̀. Bí wọ́n bá fi ohun tí mo sọ fún wọn wéra, n ó ní fóònù ni kò dún dáadáa. Ta ni yóò gbà? Adití, àti ẹni tó ń sunkún.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo ń retí kí ariwo bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀yìn. Dípò rẹ̀, òun ló wọlé. Tábúlẹ́ẹ̀tì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti fi ìró dì í. Ó gbé e lé mi lẹ́sẹ̀.

"Ìyáálé mi, ẹ gbà á. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀wé ló máa wúlò fún. Èmi ò fẹ́ wo nǹkan tí kò fẹ́ wò mí."

Mo ní kó mú un padà. Mo la ẹnu dáadáa: ó lè pè lónìí. Ó mi orí.

"Oṣù ẹ̀ ti pé, ó ti bí i, kò sọ fún mi. Ìyá tó bí i ni mí, mo mọ ìgbà tó yẹ." Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Mo ti fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ gan-an nínú ilé yìí. Ẹ má bínú. Ẹ̀yin lẹ kù fún mi."

Mo fi tábúlẹ́ẹ̀tì náà sínú àpótí igi tó wà lẹ́sẹ̀ ibùsùn mi.

Ọjọ́ Ajé, 14 Oṣù Kẹwàá

Tábúlẹ́ẹ̀tì dún. Ìrọ̀lẹ́, àkókò wọn. N kò ṣí àpótí. Ọkọ mi ti padà sí Àkúrẹ́, kò bá òfin náà nínú Ẹ̀ṣọ́. Bí mo bá gbé e lọ bá Adití, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ọmọ náà yóò fi ẹnu ṣe ni: kí ló dé tí ẹ ní ẹ kò fẹ́ mi mọ́? Ọ̀rọ̀ kejì, orúkọ ọmọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15 Oṣù Kẹwàá

Ó dún láàárọ̀. Ó dún lọ́sàn-án. Mo mọ bí a ṣe ń dá òfin padà, ìka kan péré ni. N kò tí ì tẹ̀ ẹ́. Mo tilẹ̀ ṣí àpótí lóru àná, mo fi okùn iná sí i kí ó má baà kú. N kò lè sọ ìdí.

Ọjọ́bọ̀, 17 Oṣù Kẹwàá

Mò ń kọ èyí lójú Adití. Mo lè kọ ọ́, kò mọ̀wé.

Láti ọjọ́ tó ti gbé tábúlẹ́ẹ̀tì fún mi ló ti ń wá jókòó tì mí ní ìrọ̀lẹ́. Lónìí, ó gbé ẹ̀gúsí wá, ó ní a jọ máa bó o. Kò sí ìjókòó mìíràn ní yàrá mi. Orí àpótí ló jókòó sí.

Ó ń sọ̀rọ̀. Ó ní tí ọmọ náà bá jẹ́ obìnrin, orúkọ ìyá òun ni òun ì bá sọ ọ́. Ó sọ orúkọ náà fún mi. N kò fẹ́ kọ ọ́ síhìn-ín.

Tábúlẹ́ẹ̀tì ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún lábẹ́ rẹ̀. Ó kún yàrá. Òun ń bó ẹ̀gúsí lọ, ó ń sọ̀rọ̀ lọ. Mo tẹ orí mọ́ ìwé mi.

Ó dákẹ́. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Lábísí ti dá ọwọ́ dúró. Ó gbé abọ́ ẹ̀gúsí sílẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé orí pákó àpótí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan rẹ̀, bí ẹni ń wò bóyá ara ọmọ gbóná.

"Ìyáálé mi," ó ní, "kí ló ń gbọ̀n níhìn-ín?"

Ó ń wo ẹnu mi.